Wákàtí Mélòó Ni Èkó sí Dúbáì? Ẹ Má Jẹ́ Kí Tíkẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú Jẹ Èrè Yín

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ ìrìnàjò Dúbáì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìpàdé tó kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ kó owó fún ejẹ́ńtì tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tòun ló kéré jù, kí á sinmi àríyànjiyàn. Àwọn kan fárí gá pé rárá, àwọn ò ní í bá irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láyé àwọn. Àwọn tó fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ wá ń bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó tiẹ̀ ni Èkó sí Dúbáì?" Ẹnì kan dáhùn pé wákàtí márùn-ún. Ẹnì kejì ní mọ́kànlá. Ẹnì kẹta ṣẹ́wọ́ lórí, ó ní òun lo ọjọ́ méjì gbáko lọ́nà. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó ń purọ́. Gbogbo wọn ló lọ, gbogbo wọn ló rí ohun tí wọ́n rí.

Èrò tiwa rèé, a ò ní fi bò fún yín: tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù lójú ìwé kọ́ ló ń náni lówó tó kéré jù. Ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láì béèrè wákàtí, bí ẹni tó ra àpò ìrẹsì láì gbé e wò ni. Ó dá wa lójú pé kò sẹ́ni tó máa ṣe ìyẹn nínú ọjà wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Ìkẹjà, tó fò tààrà dé Dúbáì láì yà síbì kankan, bíi kìlómítà 5,900 ló máa fò. Àwọn tó ń fi máìlì ka tiwọn, bíi 3,660 ni. Àwa ará Ìbàdàn yìí, a mọ bí Èkó ṣe jìn sí wa tó, kìlómítà bíi 130 ni. Ẹ wá rò ó wò: kí èèyàn rin ìrìn Ìbàdàn sí Èkó ní ìgbà 45, kó má wẹ̀yìn, ìyẹn ló tó Dúbáì. Ọ̀nà tààrà yìí gba òkè ilẹ̀ wa lọ sí apá ìlà-oòrùn àríwá, ó gba orí Chad, ó gba orí Sudan, ó ré Òkun Pupa kọjá, ó wá gba orí ilẹ̀ Saudi Arabia kó tó dé Dúbáì. Ẹ̀yin Alhaja wa mọ apá ibẹ̀ dáadáa, torí pé lójú ọ̀nà yẹn náà ni Jẹ́dà wà.

Bàálù ńlá tó bá ti gòkè tán máa ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Àwọn ọmọ yín tó mọ ìṣirò á ti pín in báyìí: wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n ń kọ wákàtí méje àti ààbọ̀ tàbí mẹ́jọ sí i? Ìdí ni pé bàálù kì í sá eré yẹn nígbà tó bá ń gòkè, kì í sì í sá a nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Àsìkò tó fi ń rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀ kó tó gbéra náà wà nínú àkókò tí wọ́n kọ. Bàálù kì í sì í rìn gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ta. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n là fún un lókè, ó ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún. Bó bá tún dé òkè Dúbáì tí èrò pọ̀ nílẹ̀, ó lè máa yípo títí wọ́n á fi ní kó bọ́ sílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọwọ́ tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lókè ibi tí bàálù ń gbà, afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Bí a bá ń lọ Dúbáì, ó ń tì wá lẹ́yìn. Bí a bá ń bọ̀, ó ń gbá wa lójú. Ìdí nìyẹn tí bíbọ̀ fi máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ ju lílọ lọ. Ọ̀nà ò yí padà o, afẹ́fẹ́ ni.

Ó yá, ẹni tó ní wákàtí mọ́kànlá àti ẹni tó ní márùn-ún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ aago ni. Ìlà-oòrùn ni Dúbáì wà sí wa, oòrùn ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Aago wọn fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú tiwa, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kì í yí. Ká ní bàálù gbéra ní Èkó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́jọ ló fi fò, nítorí náà aago méjì òru ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n aago ara ògiri ní Dúbáì á ti lu márùn-ún ìdájí. Ẹni tó bá wo aago Èkó kó tó wọlé, tó wá wo ti Dúbáì nígbà tó jáde, á kà á sí mọ́kànlá. Nígbà tí ẹ bá wá ń bọ̀, ẹ gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀ níbẹ̀, ẹ fò fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ balẹ̀ sí Ìkẹjà ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ máa rò pé wákàtí márùn-ún péré ni. Ìyá kan nínú wa tiẹ̀ búra pé awakọ̀ tó gbé àwọn bọ̀ mọ ọkọ̀ wà ju tàkọ́kọ́ lọ. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ má fojú kékeré wo wákàtí mẹ́ta yìí ṣá, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí ẹni ilé bá yín fi owó ránṣẹ́, nígbà tí báńkì bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ nílé, aago mọ́kànlá ti lù ní Dúbáì. Bí ọmọ yín bá sùn gbàgbé díẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá sì ji aago mẹ́jọ àárọ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń pe ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò gbé e, ẹ má bínú sí i o. Aago márùn-ún ìdájí ni lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹni tó lo ọjọ́ méjì, torí òun gan-an ló ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí àwọn ejẹ́ńtì kì í sọ fún wa ni pé ọ̀nà tó lọ Dúbáì pọ̀. Tààrà wà. Èyí tí èèyàn ń yà ní ìlú kan pààrọ̀ ọkọ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń yà ní ìlú méjì náà wà. Ẹni tó bá gba Addis Ababa ní Ethiopia, Èkó sí ibẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 3,900, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Láti ibẹ̀ dé Dúbáì, bíi 2,500, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹ ro ó pọ̀: 6,400. Kìlómítà 500 péré ló fi ju tààrà lọ, wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé kan ni nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹn ò burú rárá. Ẹni tó bá gba Istanbul ní Turkey ńkọ́? Bíi 4,600 ni Èkó sí Istanbul, wákàtí bíi méje, kó tó wá ṣẹ́rí padà sísàlẹ̀ sí Dúbáì, bíi 3,000 mìíràn, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,600. Ìyẹn dà bí ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ Èkó, tó wá gba Abẹ́òkúta. Ó máa dé, àmọ́ ó ti rìn yí ká.

Ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ló ń jẹ ọjọ́ o, ìdúró ni. Bí ẹ bá dé Addis tẹ́ ẹ dúró wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọ èkejì, ire ni, ẹ máa ríbi na ẹsẹ̀, ẹ máa ríbi tọ̀. Bó bá wá jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá lẹ máa fi jókòó, lórí àga irin, nínú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń fi dọ́là tà, tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nìyẹn. Orúkọ ìlú kan náà ni ejẹ́ńtì máa pè fún yín nínú méjèèjì. "Mummy, Addis lẹ máa gbà, kò sí wàhálà." Wákàtí méjì àbí mẹ́rìnlá? Kò ní sọ, bẹ́ ò bá bi í.

A ní láti sọ ìtàn kan fún yín, kì í ṣe láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wa ni, ìlà eléèsì ló wà, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun. Ní 2019, ó gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan, àwọn 120 èèyàn. Wọ́n ti san ìlàjì owó sílẹ̀. Wọ́n mú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ fún un, gé e ní pélébé sínú ọ̀rá. Ejẹ́ńtì kan ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó fi owó tó tó ìdámẹ́ta dín sí tààrà, inú rẹ̀ dùn. Ìlú méjì ló máa yà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ fún un, ilé iṣẹ́ bàálù méjì tí kò mọ ara wọn.

Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà tó máa fi dé ibi ìpààrọ̀ kejì, èyí tó kàn ti lọ. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ bá àwọn tó wà ní káńtà. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló jẹ́ kó pẹ́, pé lójú ìwé tàwọn, ńṣe ni kò wá. Àwọn tó gbé e wá náà ní ibi tí àwọn gba owó gbígbé é dé, àwọn ti gbé e dé ibẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀nà náà pa pọ̀ sí abẹ́ nọ́ńbà kan, ẹrù àwọn tó ta á ni láti wá ọkọ̀ mìíràn fún un. Bó ṣe jẹ́ méjì yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kò ní físà ìlú yẹn tó fi lè jáde lọ wá ilé ìtura. Òru méjì ló sùn sórí àga pápákọ̀ òfuurufú, àpò owó ọjà lábẹ́ ìró. Ó tún yọ dọ́là nínú owó ọjà, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ọjọ́ Friday ló wá balẹ̀ sí Dúbáì. Nígbà yẹn, Friday àti Saturday ni ìsinmi wọn. 2022 ni wọ́n tó yí i sí Saturday àti Sunday, tí Friday wá di ààbọ̀ ọjọ́ fún àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Títí di òní, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Deira ló ṣì máa ń tì lọ́sàn-án Friday fún ìrun, wọn kì í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá yìí tó fọkàn sí ọjọ́ mẹ́ta gbáko láti fi yan ọjà, bóyá ló rí ọjọ́ kan àti ìrọ̀lẹ́ kan. Kò ráàyè wọ abra kọjá odò lọ sí ọjà aṣọ Bur Dubai, níbi tí oníbàárà rẹ̀ wà, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ díráámù kan péré. Èyí tó rí ní Deira ló rà. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti inú ọ̀rá yẹn lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó délé, lábẹ́ oòrùn, ọ̀tọ̀ ni. Ìyá ìyàwó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò gbà. Léèsì 120 èèyàn! Díẹ̀díẹ̀ ló fi ta á, lówó tí kò tó owó tó fi rà á, ó sì dá ìlàjì owó onígbèéyàwó padà látinú owó àjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi í pé kí ló dé tó ń pariwo ní ìpàdé, ohun tó ń dùn ún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Ká ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíkẹ́ẹ̀tì tààrà àti ti ìdúró gígùn jẹ́ ₦200,000. Owó ni, a ò ní kì í ṣe owó. Ó yá, ẹ yọ oúnjẹ ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kúrò, pẹ̀lú owó dọ́là. Ẹ yọ èrè ọjọ́ méjì tí ṣọ́ọ̀bù fi wà lọ́wọ́ ọmọdé, torí lílọ àti bíbọ̀ ni ìdúró yẹn máa ń jẹ. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún lẹ fẹ́ lò ní Dúbáì, tí ìdúró sì jẹ ọjọ́ kan nínú rẹ̀, ẹ ti sọ ìdámárùn-ún àsìkò ìnájà nù. Kí ni ọjọ́ kan ìnájà jẹ́ fún ẹni tó ń ra góòlù? Fún ẹni tó ń lọ Dragon Mart, ibi tí òrùlé ọjà kan ṣoṣo gùn ju kìlómítà kan lọ? Ẹ̀yin lẹ mọ iye tó jẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó fún ejẹ́ńtì, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ ara náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Àwọn àgbà wa pọ̀ nínú ìrìnàjò yìí. Jíjókòó pẹ́ láì na ẹsẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ìyẹn sì léwu gidi. Ẹ máa dìde rìn nínú bàálù, ẹ máa mu omi. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó fi oògùn sínú báàgì ọwọ́, má fi sínú àpótí tí wọ́n máa jù sísàlẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni tààrà. Ẹ fojú inú wo ìyá ẹni 65 ọdún nínú ìrìnàjò wákàtí 30.

A mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin lówó, ẹ lè máa lọ tààrà." A ò lówó ju ẹnikẹ́ni lọ. A sì gbà pé tààrà kì í sí nígbà gbogbo. Láti 2004 ni Emirates ti ń wá Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé títí ayé ni. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n dúró, wọ́n ní owó tí àwọn pa ní Nàìjíríà ò ṣeé kó jáde. Oṣù yẹn náà ni Dúbáì dẹ́kun fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà. Ẹ rántí bí ọjà ṣe rí. Ẹlòmíì di oníbàárà àwọn tó wà ní Cotonou, ẹlòmíì yí sí ọjà China. Oṣù Keje 2024 ni ìjọba wa tó kéde àdéhùn tuntun lórí físà, Emirates sì padà sí Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Nítorí náà, a ò sọ pé kí ẹgbẹ́ so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀nà kan. Ẹni tó mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá dí i ló máa jókòó sílé. Kí ẹ sì mọ̀ pé físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí gbà, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àní ọ̀nà òkè pàápàá máa ń dí. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù Kẹrin 2023, wọ́n ti òfuurufú ibẹ̀ pa, àwọn bàálù tó ń gba orí rẹ̀ ní láti yípo. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, nígbà tí àwọn ológun Niger ti òfuurufú tiwọn, àwọn tó ń ti London bọ̀ wá sí Èkó ló fara gbá a. Ìyẹn ni pé wákàtí tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n yín lọ́dún ìjẹta lè máà jẹ́ ti ọdún yìí mọ́. Ẹ máa béèrè ní tuntun.

Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n ń ta fún wa. Wọ́n á ní Dúbáì ni, ibi tí bàálù máa balẹ̀ sí á sì jẹ́ Sharjah. Sharjah ò jìnnà, bíi kìlómítà 30 ni, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ibẹ̀ ní 2019, ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ibẹ̀ láì sí wàhálà. Àmọ́ bó bá jẹ́ Abu Dhabi, ọ̀nà ilẹ̀ ibẹ̀ sí Dúbáì jìn bíi ti Ìbàdàn sí Èkó. Dúbáì fúnra rẹ̀ náà ní pápákọ̀ òfuurufú méjì: èyí tó wà nítòsí Deira, tí takisí ò ní gbà yín lówó púpọ̀, àti Al Maktoum tó wà lọ́hùn-ún ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ DXB, ti ìtòsí ni. Bó bá jẹ́ DWC, ti ẹ̀yìn ìlú ni. Ẹni tí kò kàwé, kó fún ọmọ rẹ̀ kà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé apá ti ilé náà. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ń fẹ́ ká ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìbàdàn sí Ìkẹjà lórí títì wa yìí, a ò gbọdọ̀ fọkàn sí wákàtí méjì. Kí á fi mẹ́rin sí i, pàápàá ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ilé ìjọsìn lójú ọ̀nà bá ń ṣe àpéjọ. Àwọn kan nínú wa ti ń bá rélùwéè lọ láti 2021, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ ní Agége, wọ́n ní ó tu àwọn lára. Bó ti wù kó jẹ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín n'Ìbàdàn títí dé orí bẹ́ẹ̀dì yín ní Deira, tààrà gan-an ò lè dín ní bíi wákàtí 17. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wákàtí mẹ́jọ péré ni, ti inú bàálù nìkan ló ń kà.

Ohun tí a wá ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fún rèé. Kí wọ́n má ṣe gba iye owó nìkan lọ́wọ́ àwọn ejẹ́ńtì mẹ́ta tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Kí olúkúlùkù kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú: aago tí a máa gbéra àti aago tí a máa balẹ̀, pẹ̀lú aago ìlú tó jẹ́, ìlú tí a máa yà àti iye wákàtí tí a máa dúró níbẹ̀, bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ni tàbí méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, iye kílò ẹrù tí a lè gbé bọ̀, àti ọjọ́ tí a máa dé, kó má jẹ́ Friday. Èyí tó bá ní ìdúró tó ju wákàtí márùn-ún lọ, tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má gbà á, iyekíye tó bá fi kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá irú rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ láyè láti lọ, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́, kó má sì jẹ́ pẹ̀lú owó tí gbogbo wa dá.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò àtijọ́ nílé, ìbáà ti ya, kó mú un dání, kí á lè jọ ka aago tó wà lára rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá eléèsì wa ti ní òun máa mú tòun wá.